Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ti Pàdé Wáyà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Wíwá Adùn Nínú Atomizer Tí A Ń Fọwọ́ Ara Ẹni Tò

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìgá sílẹ̀ tí ẹ sì wá gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò wúwo: ohun tí mo ti ń sọ nínú ilé láti ọdún pípẹ́, tí àwọn ará ilé mi kò fẹ́ gbọ́ mọ́, ni wọ́n ní kí n wá sọ níwájú ẹni tó fẹ́ gbọ́.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ohun kan wà tí n ó sọ lẹ́ẹ̀kan tí n kò ní padà sí. Sìgá oníbátìrì, tí gbogbo wa mọ̀ sí vape, kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹni tí kò mu sìgá rí fọwọ́ kàn nítorí pé òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Nicotine inú rẹ̀ a máa di bárakú. Àgbàlagbà tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé adùn tí òun ń rí kò tó èyí tó yẹ kí òun rí, òun ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Kí ló dé tí ènìyàn méjì yóò ra atomizer kan náà, ìyẹn apá vape tó ń sọ oje di ìkùukùu, tí wọn yóò rọ oje kan náà, ìyẹn omi aládùn tí a ń fà, sínú rẹ̀, tí ọ̀kan yóò máa fà á bí ẹni tó ń jẹ èso tó pọ́n lórí igi, tí èkejì yóò sì máa fà á bí ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ gbígbóná lásán? Ìdáhùn tèmi ni pé adùn kò sí nínú iye tí a fi ra ohun èlò. Ibi kékeré kan ló wà, tí kò fẹ̀ ju èékánná ọmọ ìka lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti pàdé wáyà gbígbóná tó gbá òwú tútù mọ́ra. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí yóò máa yí ká.

Ìkòkò kékeré

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ní ọdún 1965, ìjọba Amẹ́ríkà fún Herbert Gilbert ní ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí sìgá tí kò ní èéfín, tí kò sì ní tábà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò dé ọjà. Ní 2003 ni Hon Lik, apoògùn ará Ṣáínà, gbé èyí tí ti òde òní ṣẹ̀ wá láti ara rẹ̀ kalẹ̀. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé ti Hon Lik kì í se oje. Gbígbọ̀n tó yára débi pé etí ènìyàn kò lè gbọ́ ìró rẹ̀ ló fi ń fọ́ oje sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wáyà gbígbóná gba ipò, tí kò sì tíì fi í sílẹ̀.

Atomizer tí a ń fọwọ́ ara ẹni tò kò ní àràmàǹdà kan nínú. Ó ní pèpéle kan, òpó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí síkúrù wà lára wọn, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ìdérí, àti ẹnu tí a ń gbà fà á. A ó fi wáyà lọ́ kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a ká yípo yípo, a ó dè é mọ́ òpó, a ó ki òwú bọ inú rẹ̀, a ó sì fi oje rin òwú náà. Ìkòkò ni mo máa ń pè é, nítorí pé sísè là ń se oje nínú rẹ̀, àwọn baba wa sì ti sọ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná.

Irú rẹ̀ pín sí ọ̀nà bíi mẹ́ta. Èyí tí a ń kán oje sí látòkè, tí wọ́n ń pè ní RDA, kò ní táńkì. Ìkòkò lásán ni. Èyí tó ní táńkì, tí wọ́n ń pè ní RTA, ń fi ẹsẹ̀ òwú fa oje wọlé láti inú àgbá kékeré tó yí i ká. RDTA jẹ́ àdàlù àwọn méjèèjì. Àwọn kan sì tún ń lo RDA tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀, tí ìgò rọ́bà kékeré nínú àpótí bátìrì ń ti oje sókè sí i nígbà tí a bá fìka tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má baà máa ṣí ìdérí nígbà gbogbo.

Èwo ni kí á yàn? Bí adùn bá ni à ń wá, tí a kò sì tíì tò ó rí, RDA oníkọ́ìlì kan ṣoṣo ni mo máa ń ní kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. N kò sọ pé táńkì kò dára. Táńkì ni mo máa ń mú jáde nígbà tí mo bá ń lọ sí ibi tó jìn. Ṣùgbọ́n táńkì a máa fi àṣìṣe wa pamọ́ fún wa. Nínú rẹ̀, bí oje ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ inú àgbá ń fẹ́lẹ́, fífẹ́lẹ́ yẹn ló sì ń di oje mú kí ó má ṣàn dànù. Bí òwú bá kéré jù, afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé, oje á sì gba ihò ìsàlẹ̀ jáde. Táńkì àkọ́kọ́ tí mo tò, inú àpò aṣọ funfun ni ó tú gbogbo oje inú rẹ̀ sí, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbàgbọ́ pé ẹni tó ṣe é ló ṣe é ní ìṣekúṣe. Èmi ni mo gé ẹsẹ̀ òwú kúrú jù. RDA kì í jẹ́ kí ènìyàn pẹ́ nínú irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ṣí ìdérí rẹ̀ báyìí, gbogbo nǹkan wà lójú.

Afẹ́fẹ́

Kókó kìn-ín-ní nínú ọ̀rọ̀ mi ni afẹ́fẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í ṣíwájú wáyà, nítorí pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń wá adùn, wáyà ni wọ́n máa ń sáré lọ rà. Wọn á ra oríṣi mẹ́fà, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kò sì ní í wá sí wọn lọ́kàn rárá.

Ẹ bá mi ronú sí i. Oje hó lára kọ́ìlì, ó di ìkùukùu. Ìkùukùu yẹn kò lẹ́sẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e dé ẹnu. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá tí kò fara kan kọ́ìlì, díẹ̀ ni yóò rí gbé, èyí tó kù yóò lẹ̀ mọ́ ògiri ìkòkò, yóò sì padà di omi. Ṣé ẹ ti ṣí ìdérí yín rí tí ẹ rí omi tó ń ṣàn nínú rẹ̀? Adùn tí ẹ sanwó rẹ̀ tí kò dé ẹnu yín nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé atomizer rẹ̀ wá bá mi ní ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ jù ú nù, pé kò ní adùn kankan. Owó gidi ló fi rà á, ó sì ti pààrọ̀ oje lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ṣí i, mo wò ó. Ìsàlẹ̀ ni ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà, kọ́ìlì sì fi nǹkan bíi mílímítà 4 ga ju ihò náà lọ, ó dúró lókè bí ẹni tí kò fẹ́ bá afẹ́fẹ́ ní nǹkan ṣe. Mo tú síkúrù díẹ̀, mo fi ọ̀pá tí a fi ń lọ́ kọ́ìlì tì í wálẹ̀ títí ó fi ku nǹkan bíi mílímítà 1.5 láàárín òun àti ihò, mo sì dè é padà. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí, ó tún fà á. Ó wá bi mí pé irú oje wo ni mo rọ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni n kò rọ nǹkan kan sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ibi tí kọ́ìlì yín wà. Bí ihò bá wà nísàlẹ̀, kí kọ́ìlì jókòó sí òkè rẹ̀ gan-an, kí ó súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ó má kan pèpéle, nítorí pé kíkàn pèpéle ń bí nǹkan mìíràn tí n ó sọ láìpẹ́. Bí ihò bá wà ní ẹ̀gbẹ́, kí àárín kọ́ìlì dọ́gba pẹ̀lú ihò náà. Ẹ fojú sí ihò láti ìta: bí ẹ kò bá rí kọ́ìlì, afẹ́fẹ́ pàápàá kò rí i. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn jù létí àwọn kan nínú yín. Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó ku iye rẹ̀. Àwọn kan ń fa ìkùukùu sí ẹnu ná kí wọ́n tó mí i wọ ẹ̀dọ̀fóró bí ẹni tó ń mu sìgá. Àwọn kan ń fà á wọ ẹ̀dọ̀fóró tààrà. Ti àwọn ìṣáájú kò fẹ́ ju ihò kan tó tó mílímítà 1 tàbí díẹ̀ lé lọ, ti àwọn ìkejì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀. Èyí tó wù kí ẹ jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni kọ́ìlì ń tutù sí i, tí adùn sì ń tẹ́ bí ọbẹ̀ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ṣí ihò rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, tó wá ń fi kún watt, ìyẹn agbára iná, láti rí ìgbóná padà, tí oje ń tán lójú ẹsẹ̀, tí kò sì rí adùn. Ẹ dín ihò kù sí ìdajì, ẹ fà á, ẹ tún dín in díẹ̀, títí ẹ ó fi rí ibi tí adùn ti kó ara rẹ̀ jọ. Ọ̀fẹ́ ni.

Èyí náà ló fà á tí mo fi fẹ́ràn ìkòkò tí inú rẹ̀ há. Yàrá ńlá tí kọ́ìlì kékeré wà nínú rẹ̀ a máa fún ìkùukùu láyè láti tú ká kí ó tó dé ẹnu. Èyí tó há, tí òrùlé rẹ̀ rí róbótó bí inú igbá, ń darí rẹ̀ lọ sókè láìjẹ́ kí ó máa yí po ní igun. Ẹni tó ń wá ìkùukùu tó lè bo ilé mọ́lẹ̀, kọ́ìlì méjì àti yàrá fífẹ̀ yóò bá a lára mu. Kí ó má ṣe bá mi bínú, ìpàdé tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí.

Wáyà

Kókó kejì ni wáyà, n kò sì ní í pẹ́ níbẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń retí. Mẹ́ta péré ló yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ̀. Kanthal jẹ́ àdàlù irin, chromium àti aluminium. Ó lágbára, ó sì ń dárí ji ẹni tó ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n kì í tètè gbóná. Nichrome 80, tó jẹ́ ìdá 80 nickel àti ìdá 20 chromium nínú ọgọ́rùn-ún, ń tètè gbóná ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí nickel máa ń yọ lára kò gbọdọ̀ lò ó. Irin tí kì í dípẹtà, èyí tí wọ́n ń pè ní 316L, lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ìgbóná. Titanium àti ògidì nickel náà wà, wọn kò sì gbọdọ̀ pọ́n nínú iná láé. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Nọ́ńbà ìsanra wáyà máa ń da àwọn ènìyàn rú, nítorí pé bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni wáyà ń tín-ín-rín. Nọ́ńbà 24 sanra tó nǹkan bíi ìdajì mílímítà, nọ́ńbà 28 kò ju mílímítà 0.32 lọ. Bí a bá mú Kanthal nọ́ńbà 26, tí a lọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀meje yí ọ̀pá mílímítà 3 ká, ìdènà tí iná yóò bá pàdé nínú rẹ̀ yóò súnmọ́ ohm 1. Bí ó bá jẹ́ Nichrome 80 ni a lọ́ bẹ́ẹ̀, yóò wà ní nǹkan bíi ohm 0.7. Ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà lásán, okùn kan ṣoṣo, ọwọ́ yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ti rí àwọn kọ́ìlì tí a fi wáyà tín-ín-rín wé wáyà tó sanra, tí wọ́n ń pè ní Clapton nítorí pé ó jọ okùn gìtá, tí wọ́n wá fi orúkọ Eric Clapton tó jẹ́ ọ̀gá nínú títa gìtá pè é. N kò ní purọ́, wọ́n dára. Ara wọn pọ̀, oje a máa dúró nínú àwọn kòtò wẹ́wẹ́ ara wọn, adùn a sì nípọn. Ṣùgbọ́n irin wọn pọ̀, wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó gbóná, wọ́n ń fẹ́ watt púpọ̀ àti bátìrì tó lè gbé e. Mo fi odindi alẹ́ kan wé ọ̀kan rí, ẹ̀yìn dùn mí, ojú ta mí, nígbà tí mo sì dè é tán, ìkòkò mi kéré sí i, kò sí ihò tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Kọ́ìlì lásán tí mo tú kúrò fún un dùn jù ú lọ. Ibi ìpàdé ni mo ti bàjẹ́ níbi tí mo ti ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí wáyà.

Kí a tó fi òwú sí kọ́ìlì, kí a rọra fi iná kékeré sí i, kí a tẹ bọ́tìnì fìrí, kí a sì jáwọ́. Ó yẹ kí àárín kọ́kọ́ pọ́n, kí pípọ́n náà sì rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ibì kan bá dá pọ́n ju ibi yòókù lọ, ibẹ̀ ni yóò jó oje yín tí adùn yóò fi korò. Ẹ fi ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ amọ̀ sísun fẹsẹ̀ kọ́ìlì múlẹ̀, kí ẹ fi rọra fún un tàbí kí ẹ rọra họ ọ́ lórí, títí yóò fi pọ́n dọ́gba. Suuru ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi.

Òwú

Ẹ jẹ́ kí á dé ibi tí mo ti fẹ́ dé láti ìgbà tí mo ti dìde. Òwú. Nínú mẹ́wàá tó bá wá bá mi pé kọ́ìlì àwọn kò dára, ó ṣọ̀wọ́n kí n má bá ẹ̀bi náà lára òwú. Ìdí rẹ̀ ni pé òwú kò wúlò lójú, kò ṣe é fi yangàn, kò sí ẹni tó ń ya àwòrán òwú.

Iṣẹ́ wo ni òwú ń ṣe? Òun ló ń gbé oje wá bá iná. Níwọ̀n ìgbà tí oje bá wà lára wáyà, híhó oje ń dín ìgbóná náà kù. Èyí tí wọ́n ń pè ní PG, ìyẹn propylene glycol, ń hó ní ìwọ̀n Celsius 188, èyí tí wọ́n ń pè ní VG, ìyẹn glycerin ara ewéko, ń hó ní 290, àdàlù wọn ló sì wà nínú ìgò yín. Bí oje bá tán lára wáyà, kò sí ohun tó ń di ìgbóná mú mọ́. Wáyà á sáré gbóná, òwú á jó, àwọn ohun olóró bí formaldehyde á sì pọ̀ nínú ohun tí ẹ ń fà. Ẹni tó ti fa òwú jíjó rí kò nílò àlàyé. Ọ̀fun mi ta mí fún ọjọ́ méjì nígbà kan tí mo ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, tí mo gbàgbé láti kán oje sí i. Bí ó bá ti ta yín lọ́fun, ẹ dúró, ẹ yọ òwú náà dànù. Kò sí oje tí a ó rọ sí òwú tó ti jó tí adùn rẹ̀ yóò padà.

Báwo ni òwú ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Bí ẹ bá ń fà á gba inú kọ́ìlì kọjá, kí ẹ mọ̀ lọ́wọ́ pé nǹkan kan ń dì í mú díẹ̀, ṣùgbọ́n kí kọ́ìlì má tẹ̀lé e, kí ó má sì yí padà. Bí ó bá há jù, oje kò ní ráyè rìn, ẹ ó máa fa òwú jíjó bó tilẹ̀ jẹ́ pé oje kún inú ìkòkò. Bí ó bá tú jù, oje á kún inú kọ́ìlì, á máa ta pàràpàrà bí òróró gbígbóná, á sì ta sí ètè yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ gé ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ tàbí ẹnu ẹ̀mú ya wọ́n kí wọ́n fúyẹ́. Nínú RDA, kí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lórí pèpéle láìdí ihò afẹ́fẹ́. Nínú táńkì, kí wọ́n kàn dé ẹnu ọ̀nà oje, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n má dì í pa.

Ẹ wo ihò náà lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ bá ti to òwú tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí kọ́ìlì tó jókòó dáadáa, tí fọ́nrán òwú kan wá gùn wálẹ̀ tó sì dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan kọ́ìlì á máa rí afẹ́fẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní í rí. Ìdajì adùn ti lọ, ẹni tó ni ín á sì máa wá ìdí rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ sára ìgò oje.

Òwú tuntun a máa ní òórùn tirẹ̀ nínú fífà bíi mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe dájọ́ oje kan kí ìyẹn tó kọjá. Atomizer tuntun pẹ̀lú, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lò ó, nítorí pé òróró ẹ̀rọ tí wọ́n fi gé irin rẹ̀ a máa kù sí ara síkúrù. Bí adùn bá sì ń dínkù lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ yọ òwú, ẹ jó kọ́ìlì gbígbẹ fìrí bí ó bá jẹ́ wáyà tí a lè jó, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ to òwú mìíràn. Oje tó dùn jù, tí sucralose, ìyẹn adùn àtọwọ́dá, pọ̀ nínú rẹ̀, ló ń tètè di èédú dúdú lára kọ́ìlì. Èmi kò fẹ́ràn irú oje bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ṣúgà bo adùn èso mọ́lẹ̀.

Iná

Mo ṣèlérí pé n ó padà sórí kọ́ìlì tó kan pèpéle. Bí kọ́ìlì bá kan pèpéle tàbí ògiri ìdérí, iná yóò rí ọ̀nà àbùjá, yóò sì sáré gba ibẹ̀ láìsí ìdènà. Ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ, ìyẹn èyí tó ń ṣọ́ iná fúnra rẹ̀, yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Àpótí tí kò ní ọpọlọ, tí bọ́tìnì kàn so bátìrì pọ̀ mọ́ kọ́ìlì tààrà, kò mọ̀ bí a ti ń kọ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi ohm pín volt, ẹ ó rí ampere tí bátìrì yóò gbé jáde. Bátìrì 18650, ìyẹn bátìrì gbọọrọ tí ọ̀pọ̀ vape ń lò, jẹ́ volt 4.2 bí ó bá kún. Kọ́ìlì ohm 0.5 yóò gba ampere 8.4, ìyẹn nǹkan bíi watt 35, kò sì burú. Kọ́ìlì ohm 0.1 yóò gba ampere 42, ọ̀pọ̀ bátìrì yìí ni a kò sì ṣe láti gbé ju 20 sí 30 lọ láìdáwọ́ dúró. Bí a bá de kọ́ìlì méjì tó dọ́gba, ìdènà wọn á di ìdajì ti ẹyọ kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò ṣe nìyẹn. Adùn kò nílò kí ẹ lọ sí ohm 0.1. Àtẹ̀yìnwá títí di òní, àwọn tó dùn jù nínú èyí tí mo tò kò kéré sí 0.4.

Ẹ máa wọn ìdènà kọ́ìlì kí ẹ tó gbé e sórí bátìrì, nígbà gbogbo, àní bí ó bá jẹ́ síkúrù kan péré ni ẹ tún dè. Bátìrì tí ara rẹ̀ ti ya, ẹ má ṣe lò ó. Èyí tí ẹ gbé lọ́wọ́, inú àpótí rẹ̀ ni kí ó wà, kì í ṣe inú àpò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti owó ẹyọ. Bí atomizer yín bá fẹ́ jókòó lórí bátìrì tààrà, ẹ rí i dájú pé imú àárín ìdí rẹ̀ yọ jáde kọjá etí irin tó yí i ká, torí bí kò bá yọ, bátìrì yóò kan méjèèjì pọ̀, ọ̀rọ̀ á di ti iná tó ń jó ọwọ́.

Oje àti imú

Nípa oje, ṣókí ni n ó sọ. PG fẹ́lẹ́, ó sì ń gbé adùn dáadáa. VG nípọn, ó ń mú ìkùukùu pọ̀, ó sì ń lọ́ra nínú òwú. Nítorí náà, bí oje yín bá nípọn, ẹ jẹ́ kí òwú tú díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń po tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fi òróró kankan sí i láé, kò sì gbọdọ̀ fi adùn bọ́tà tí diacetyl wà nínú rẹ̀ sí i. Ohun tí ikùn lè gbà, ẹ̀dọ̀fóró lè kọ̀ ọ́. Adùn èso fúyẹ́, mo máa ń se é lórí watt kékeré. Ti kọfí àti ti àkàrà òyìnbó ń fẹ́ ìgbóná díẹ̀ sí i, lẹ́nu tèmi.

Mo sọ pé lẹ́nu tèmi, ṣùgbọ́n imú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ahọ́n kò mọ̀ ju dídùn, kíkan, iyọ̀, kíkorò àti adùn ẹran lọ. Pé èyí jẹ́ máńgòrò tí èyí sì jẹ́ ọsàn, imú ló ń sọ ọ́ fún wa láti ẹ̀yìn ọ̀fun. Ẹ rọra tú ìkùukùu díẹ̀ jáde gba imú, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí ẹ kò gbọ́ rí. Bí oje kan bá ṣàdédé dákẹ́ lẹ́nu yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ ti mọ́ imú yín lára ni. Ẹ mu omi, ẹ lo oje mìíràn fún ọjọ́ kan, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan kọ́ìlì.

Ohun kan tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ owó kọ́ ni pé ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kan, mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ òwú, mo gbé kọ́ìlì sókè, mo sì rọ oje mìíràn, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Adùn tó jáde kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Nígbà tí òwú yẹn gbó tí mo tún un tò, n kò rí adùn náà mọ́, n kò sì mọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mú un wá. Títí di òní ni mo ṣì ń wá a. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: wáyà wo, yípo mélòó, gíga mélòó lókè ihò, ihò ṣí dé ibo.

Ìwé náà wà lórí tábìlì lẹ́yìn yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìdènà, ẹ̀mú méjì àti òwú tó tó gbogbo wa. Ẹni tó bá gbé atomizer tirẹ̀ wá, kí ó yọ bátìrì kúrò lára rẹ̀ ná, kí ó ṣí ìdérí, kí a jọ wo ibi tí kọ́ìlì rẹ̀ wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.